Ẹgbẹ́ onílé-ìwé Gẹ̀ẹ́sì kọ̀, wọn ò kọ lẹ́tà fún mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Àǹtí Sábó: Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn, ẹ má bínú, mi ò fojú kan oorun. Mo ní ilé-ìwé kékeré kan ní Yaba, lápá Sábó, tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ Kùtọnù, Lomé àti Niamey ní Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń lò. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹun. Ọdún kẹfà mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá sì ń ra dísẹ́ẹ̀lì ní Èkó á mọ̀ pé ojú mi ti rí nǹkan.

Ẹgbẹ́ àwa onílé-ìwé Gẹ̀ẹ́sì ló ń bí mi nínú. Nígbà tí ìyàwó alága ṣe ọjọ́ ìbí 50 ọdún, aṣọ ẹbí méjì ni mo rà, tèmi àti ti ọmọ mi. Ọjọ́ tí wọ́n ṣèpàdé ní Ìkẹjà, èmi ni mo gbé mínírà àti ṣínṣín lọ. Akọ̀wé wa di ṣínṣín sínú báàgì lọ sílé. Mo rí i, mi ò sọ̀rọ̀.

Ní báyìí, bọ̀dá tó máa ń bá mi kó ọmọ wá láti Kùtọnù ní àwọn òbí ò ní sanwó mọ́, àfi tí wọ́n bá rí lẹ́tà ẹgbẹ́ pé ilé-ìwé mi ṣe é fọkàn tán. Ọmọ 14 ló fẹ́ kó wá ní oṣù kìíní. Alága ní kí n lọ bá akọ̀wé. Akọ̀wé ní ẹgbẹ́ ò lè kọ ọ́ "báyìí ná". Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Ẹni tí kò ráyè gbé fóònù dẹ̀ ń gbé fídíò sórí WhatsApp, níbi tó ti ń jẹ àmàlà!

Kí ni ìwúlò ẹgbẹ́ tí kò lè gbẹnu sọ fún èèyàn ẹ̀? Ṣé kí n gbé wọn lọ sí kóòtù, àbí kí n lọ tú u sórí rédíò?

Tíṣà Ṣómólú: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ìbéèrè méjì péré. Ṣé ẹ ti san owó ẹgbẹ́ tọdún yìí? Ṣé àwọn alábẹ̀wò ẹgbẹ́ ti wá wo ilé-ìwé yín?

Màmá Ìbejì Agége: Ẹgbẹ́ gbogbo, ọ̀kan náà ni wọ́n. Èmi tí mò ń ta aṣọ ní Bàlógùn, ọdún tí iná jó ṣọ́ọ̀bù mi, àpò ìrẹsì kan ni ẹgbẹ́ gbé wá, wọ́n dẹ̀ ya fọ́tò sí i. Fọ́tò yẹn ṣì wà lára ògiri wọn títí dòní.

Àǹtí Sábó: Ẹ ṣé o, Màmá Ìbejì, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Tíṣà, mo ti san owó fọ́ọ̀mù láti èṣí.

Tíṣà Ṣómólú: Owó fọ́ọ̀mù kọ́ ni mo béèrè mà.

Dòwú Peckham: Mo ṣiṣẹ́ rí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Gẹ̀ẹ́sì kan ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. English UK ni ẹgbẹ́ tiwọn ń jẹ́, 2004 ni ẹgbẹ́ méjì dà pọ̀ di ọ̀kan. Owó nìkan kò lè gbé ẹ wọbẹ̀. Àwọn àti British Council ló jọ ní ètò àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní Accreditation UK. Àwọn alábẹ̀wò á jókòó sẹ́yìn kíláàsì, wọ́n á wo ìwé ẹ̀rí tíṣà, wọ́n á béèrè ibi tí àwọn ọmọ ń sùn. Ọ̀gá wa kì í lè jẹun lọ́sẹ̀ yẹn. Físà olóṣù 11 tí wọ́n ń fún ẹni tó fẹ́ wá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ìwé tó bá ti yege àyẹ̀wò ló gbọ́dọ̀ gbà á. Tí ilé-ìwé kan nínú ẹgbẹ́ bá kógbá wọlé lójijì, ẹgbẹ́ a máa bá àwọn ọmọ tó ti sanwó wá ibòmíì. Lẹ́tà tí ẹ ń wá yẹn, onídùúró ni wọ́n fẹ́ ṣe fún yín.

Aláwàdà Mushin: Lọ́ńdọ̀nù tún ti dé! Bọ̀dá Dòwú, dísẹ́ẹ̀lì èló lẹ rà lọ́sẹ̀ yìí?

Dòwú Peckham: Mi ò bá ẹ jà o.

Màmá Ìbejì Agége: Ẹ ṣáà lọ bẹ alága. Aṣọ ẹbí méjì kì í ṣe kékeré.

Tíṣà Ṣómólú: Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n wá ṣàyẹ̀wò àbí wọn ò wá?

Àǹtí Sábó: Wọ́n wá ní oṣù kẹfà. Ìwọ̀sí ni wọ́n wá fi lọ̀ mí. Wọ́n ní àbúrò mi tó ń kọ́ kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ kò ní ìwé ẹ̀rí tíṣà. Ọmọ tó jáde ní pólì! Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ yọ́ ju ti akọ̀wé lọ. Wọ́n ní kí n yọ àmì ẹgbẹ́ kúrò lára sáìnbọ́ọ̀dù mi títí wọ́n á fi padà wá. Èmi tí mo ti náwó sí i, ṣé kí n wá fi ọ̀dà kùn ún ni? Wọ́n tún ní kí n dá pásípọ́ọ̀tì àwọn ọmọ padà. Ẹni tí kò tíì san tán, tó bá gba Sèmè sá lọ ńkọ́?

Tíṣà Ṣómólú: Ẹ dúró ná. Pásípọ́ọ̀tì wọn wà lọ́wọ́ yín?

Àǹtí Sábó: Ó wà nínú dúróà, mo tì í pa. Mi ò jí i o. Nítorí ààbò ni.

Lọ́yà Ìkòyí: Mà, ẹ gbàgbé lẹ́tà, ẹ gbàgbé rédíò. Pásípọ́ọ̀tì, ti ìjọba tó tẹ̀ ẹ́ ni, ọmọ yẹn gan-an kàn ń lò ó ni. ECOWAS gbà kí ọmọ Kùtọnù tàbí Lomé wọlé láìgba físà fún 90 ọjọ́. Oṣù mẹ́fà lẹ pè é. Tó bá ti kọjá 90 ọjọ́, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé ìgbélùú, pásípọ́ọ̀tì ló dẹ̀ máa fi gbà á. Ṣé inú dúróà yín ló ti máa gbà á? Tí wọ́n bá dá ọ̀kan dúró ní Ojúẹlẹ́gbà nírọ̀lẹ́ yìí, kí ló fẹ́ mú jáde? Ti ọmọ Niamey tún yàtọ̀: Niger ti kúrò nínú ECOWAS láti 29 oṣù kìíní 2025. Kóòtù tí ẹ fẹ́ lọ yẹn, ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi.

Aláwàdà Mushin: Háà! Mo ti ń bínú sí akọ̀wé láti àárọ̀. Akọ̀wé, máa jẹ àmàlà ẹ jàre.

Màmá Ìbejì Agége: Ìwọ ọmọ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àbúrò mi obìnrin lọ ṣiṣẹ́ ilé ní Lẹ́bánónì. Ọjọ́ tó débẹ̀ ni ọ̀gá ẹ̀ ti gba pásípọ́ọ̀tì, ààbò lòun náà pè é. Ìyá wa kú, kò lè wálé. Àǹtí Sábó, mo ti ń gbè yín látòwúrọ̀. Ẹ lọ kó o fún wọn.

Àǹtí Sábó: Ẹ̀yin náà, Màmá Ìbejì? Èmi tí mò ń dáná fún wọn bí ọmọ! Tí wọ́n bá sá lọ, ṣé ẹ̀yin lẹ máa san án?

Tíṣà Ṣómólú: Ẹ máa gba owó ilé àti oúnjẹ ṣáájú. Owó kíláàsì, ẹni tí kò bá san toṣù yẹn, kò wọlé. Fọ́tókọ́pì pásípọ́ọ̀tì tó yín. Ẹ gbé àbúrò yín lọ sí ọ́fíìsì, ẹ fi ọ̀dà kun àmì yẹn, kí ẹ wá kọ̀wé sí akọ̀wé pé kí wọ́n padà wá wò yín kí oṣù kìíní tó dé.

Àǹtí Sábó: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o fún wọn tán ni. Ọmọbìnrin Lomé kan kúnlẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi, ojú dẹ̀ tì mí. Ọmọ 19 ni wọ́n. Pásípọ́ọ̀tì 18 ni mo rí. Mo ti da gbogbo dúróà sílẹ̀, mi ò rí ti ọmọ Niamey. Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè pè yín báyìí?