Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ilé onígi àtijọ́, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin ará. Mò ń ya ilé Anne Hathaway ìyàwó Shakespeare fún iṣẹ́ ilé-ìwé, èyí tó wà ní Shottery lẹ́gbẹ̀ẹ́ Stratford-upon-Avon nílẹ̀ England, ibì kan ló wá dá mi dúró.

Apá tó lọ́jọ́ lórí jù níbẹ̀ ti wà láti nǹkan bí 1463. Igi oak ńlá méjì tó tẹ̀ ni wọ́n gbé kọjú síra, wọ́n wá pàdé lókè téńté, cruck ni wọ́n ń pè é, òun ló gbé orùlé koríko yẹn, ògiri ò fi bẹ́ẹ̀ gbé nǹkan kan, ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n hun tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ni wọ́n fi dí àlàfo. Téèyàn bá dé yàrá òkè á rí i tó yọ lára ògiri, ó ki pọ́pọ́.

Ṣùgbọ́n níbẹ̀rẹ̀ kò sí òkè kankan o, gbọ̀ngàn gbàràmù ni, iná ń jó nílẹ̀, èéfín ń gba inú koríko jáde. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n ki pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti símínì tí èéfín ń gbà jáde sí i. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é tí cruck ò fi yẹ̀? Ṣé wọ́n gbẹ́ ihò sí i lára ni àbí òpó mìíràn ló gbé pákó òkè? Iná tó jó orùlé ní 1969 ńkọ́, igi wo ni wọ́n pààrọ̀?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ní kí n lọ bi Google, fótò òdòdó iwájú ilé nìkan ló ń kó fún mi. Ẹni tó bá ní àwòrán inú àjà, ẹ bá mi fi síbí.