Ẹ gbà mí o: ibo la lè pàgọ́ sí ní J4 pẹ̀lú ajá?

BàbáBullet: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè dá mi lóhùn. Fúráìdé yìí lèmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ń lọ sùn nínú igbó Omo, apá J4 yẹn, Sọ́ńdè la máa padà s'Ékòó. Bullet ajá mi ń bá wa lọ, kò síbi tí mo lè gbé e sí. Ibo ló dáa ká pàgọ́ sí, kí sì ni kí n rà? Àárọ̀ ọ̀la ni mò ń lọ sọ́jà.

ỌmọÌjẹ̀bú: Irú ajá wo ni Bullet? Ekuke àbí ajá òyìnbó? Ìdáhùn ò lè jọra o.

Àdùkẹ́_Ìkòròdú: J4 tí erin wà? Ẹ kúkú lọ sí Ìkògòsì, omi gbígbóná ń bẹ, yàrá ń bẹ, ẹ ò ní bá ẹ̀fọn du ẹ̀jẹ̀ yín.

Ọmọdẹ: Kò bèèrè Ìkògòsì. Ọ̀gá, ṣéènì ni, má ṣe tú u sílẹ̀ rárá. Ajá tó bá gbó erin, erin á lé e, ọ̀dọ̀ tìẹ náà ló sì máa sá padà sí, tòun terin. Ẹ lọ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó kẹ́ ẹ tó wọlé, wọ́n mọ ibi tí erin ń gbà. Ẹ má sì gba ọ̀nà Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀ lálẹ́.

Táíwò77: Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí ajá wọ national park ni?

Ọmọdẹ: Okomu ní Ẹdó ni national park. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ni Omo, forest reserve ni látọdún 1925.

ÌyáJack: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n sọ tèmi kẹ́ ẹ tó náwó. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn a mú Jack lọ sùn lóko kòkó ẹnì kan, kì í tiẹ̀ ṣe igbó gidi, ìgbà tó di bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ó gbọ́ nǹkan tó ń ta pàrà nínú koríko, bóyá ọ̀yà ni bóyá òkété ni n ò mọ̀, ó já okùn ó di inú igbó, a pè é pè é ohùn wa há, àfìgbà tá a gbọ́ tó ń ké bí ọmọ ọwọ́. Tàkúté ọdẹ ló mú un lẹ́sẹ̀, wáyà bíréèkì ọ̀kadà ni wọ́n fi ṣe é, bó ṣe ń fà á ló ń fún un sí i. Ọkọ mi fi ìborùn mi di ẹnu ẹ̀ kó má bàa gé wa jẹ, èmi ń tan tọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, a ò ní ohun tá a lè fi gé wáyà, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò sí. Ilẹ̀ mọ́ ká tó rí dókítà ẹran. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni Jack fi ń rìn títí dòní.

Àdùkẹ́_Ìkòròdú: Yé! Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. BàbáBullet, ẹ má lọ mọ́ o.

Kòsíwàhálà: Ẹ má bínú mà, àmọ́ okùn tó já yẹn ló jẹ̀bi. Okùn aṣọ ni, àbí?

ÌyáJack: Ta ló sọ okùn aṣọ fún ẹ? Ṣé o wà níbẹ̀ ni?

Táíwò77: Àwọn ọdẹ yẹn ló yẹ ká bá wí.

Ọmọdẹ: Ọdẹ tó dẹ tàkúté ẹ̀ jẹ́jẹ́? Ẹ̀yin lẹ gbé ajá wá bá a.

Kòsíwàhálà: Tí mọ́tò bá gbé yín kọjá dé Oǹdó, ẹ ti mọ̀ pé Bullet ò ní padà wálé 😂

ỌmọEkimọ̀gún: Ẹ̀fẹ̀ yìí ti sú wa o.

DókítàẸran: Ẹ wo inú etí ẹ̀, abíyá àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ fún eégbọn láàárọ̀ lálẹ́. Eṣinṣin tsetse náà wà, ekuke máa ń rọ́jú àìsàn ẹ̀, ajá òyìnbó kì í sábà rọ́jú. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ńkọ́?

ỌmọÌjẹ̀bú: Mo tún ń bèèrè o, irú ajá wo ni?

Alájàpá_Ajá: Mo ní ọmọ Rottweiler mẹ́rin, ẹ wá mi wá nínú inbox.

BàbáBullet: Ẹ ṣé gan-an. A ti sanwó mọ́tò, J4 náà la ń lọ, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ní ká máa wá sàn-án. Mo ti ra ẹ̀mú tó ń gé wáyà, torí Mummy Jack. Lhasa ni Bullet o, ajá òyìnbó kékeré yẹn, inú báàgì ni mo máa gbé e sí.

Ọmọdẹ: Lhasa?! Èmi ti ń bẹ̀rù nítorí erin látàárọ̀.

ÌyáJack: Ẹ fi ṣéènì sí i náà.