Mo fẹ́ máa gun òkè ní Èkìtì: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè (láti Adó-Èkìtì)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe, orí àga ni mo sì máa ń wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Láìpẹ́ yìí ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gun àpáta kékeré kan lẹ́yìn ìlú. Nígbà tí mo rí bí òrùlé páànù àti igbó ṣe tẹ́ lọ rẹrẹ nísàlẹ̀, inú mi dùn débi pé n kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ ló ń wù mí báyìí. Ṣé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì mọ òkè lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀? Ìgbà wo nínú ọdún ni èèyàn lè ríran jìnnà jù láti orí òkè? Kí ló sì fà á tí itan fi dùn mí lọ́jọ́ kejì, nígbà tí kò dùn mí bí mo ṣe ń gòkè?

Èsì kìíní (láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)
Àbúrò mi, ó dùn mọ́ mi pé òkè ìlú wa wù ọ́, ṣùgbọ́n má fi í bẹ̀rẹ̀. Àpáta ńlá ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dagun gidigidi. Òkè ìbọ tún ni, a máa ń ṣe ọdún rẹ̀ lọ́dọọdún, nítorí náà kí o kọ́kọ́ yọjú sí àwọn àgbà, kí o sì gba ẹni tó mọ ọ̀nà. Ibi tí omi òjò máa ń ṣàn gbà lára àpáta a máa dúdú, ohun tín-ín-rín aláwọ̀ ewé a sì máa hù síbẹ̀. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tó tutù, ẹsẹ̀ rẹ yóò yọ̀ kí o tó mọ̀. Ibi tó mọ́, tó sì rí ṣákaṣàka lábẹ́ bàtà, ni kí o máa tẹ̀. Ìdájí ló yẹ kí èèyàn gbéra, torí pé bí oòrùn bá ti wọ̀ ọ́ lára, àpáta á gbóná, kò sì sí igi tí wàá sá sí abẹ́ rẹ̀.

Èsì kejì (láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè)
Ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní apá ọ̀dọ̀ wa àti Ìkógósì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Òkè ló yí ibẹ̀ ká, igbó sì ń ṣíji bo ọ̀nà.

Ní ti ìríran, ọ̀pọ̀ ló máa ń dúró de Oṣù Kejìlá nítorí pé òjò ti dá, bẹ́ẹ̀ ìgbà náà ni ọyẹ́ ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá, tí òkè tó wà nítòsí pàápàá yóò dà bíi pé a fi aṣọ bò ó. Ìparí òjò, ní Oṣù Kẹwàá, ni mo fara mọ́. Òjò á ti fọ eruku kúrò lójú ọ̀run, gbogbo igbó á tutù yọ̀yọ̀, òkè á sì tò tẹ̀lé ara wọn títí ojú kò fi ní gbà á mọ́. Bí ẹ bá dé òkè, ẹ má yára ya fọ́tò kí ẹ sì máa lọ. Ẹ jókòó, kí ẹ máa wá ojú ọ̀nà tí ẹ gbà wá, oko kòkó, àti òrùlé ìlú kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà gan-an.

Ti itan yẹn, sísọ̀kalẹ̀ ló fà á. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀, iṣan iwájú itan ni ó ń dá ara yín dúró, ó ń nà bó ṣe ń fipá mú, èyí sì máa ń dunni lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Ẹ máa gbé ẹsẹ̀ kúkúrú, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, kí ẹ sì mú ọ̀pá lọ́wọ́.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìkógósì ni màá kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbéra ní ìdájí, ṣé kùrukùru kò ní bo gbogbo nǹkan?

Èsì kìíní
Yóò bo àfonífojì, nítorí pé afẹ́fẹ́ tútù máa ń sọ̀ sí ìsàlẹ̀ lóru. Bí o bá ti wà lókè, wàá rí i nísàlẹ̀ rẹ bó ṣe ń ká kúrò díẹ̀díẹ̀ tí oòrùn bá yọ, èmi kò sì rí ohun tó wù mí tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ti le, kọ̀wé síbí, n óò mú ọ lọ bá àwọn àgbà ní Ìkẹ́rẹ́.