Ẹ gbà mí o: mojito mi korò bí ewúro, Sátidé sì ni àlejò ń bọ̀

Àǹtí Òkè-Àdó: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Inú mi bà jẹ́ gan-an. Sátidé ni mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ àbúrò mi. Ẹni tó máa ń po ọtí lóde àríyá ní ká san ₦150,000, yìnyín kò sì sí nínú ẹ̀! Mo ní màá pò ó fúnra mi. Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń sọ pé mo fẹ́ dójú tì wọ́n. Mojito, ọtí àpòpọ̀ oní-rọ́ọ̀mù àti ewé míńtì táwọn òyìnbó máa ń mu nígbà ìrúwé, ni mo yàn. Mo ra gbogbo nǹkan ní Bódìjà nínú oòrùn yẹn, mo dán an wò lánàá. Nígbà tí mo ṣí jọ́ọ̀gì láàárọ̀, ó ti dúdú bí omi agbo, ó korò, kò hó mọ́. Ó dà bíi pé olóòsàn wẹ́wẹ́ yẹn rẹ́ mi jẹ.

Bọ̀dá Agbowó: Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Ẹ ò sọ bẹ́ ẹ ṣe pò ó. Fún ife kan: ewé míńtì bíi 8, ṣúgà ṣíbí tíì 2, omi ọsàn wẹ́wẹ́ 30 ml, rọ́ọ̀mù funfun 50 ml, yìnyín, kẹ́ ẹ wá da omi sódà lé e. Ẹ kàn máa fi ìdí ṣíbí tẹ ewé yẹn jẹ́jẹ́ ni. Tó bá ti fọ́ pátápátá, á korò.

Ìyá Ìbejì Mókọ́lá: Chapman ni tèmi. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, mo da Fanta àti Sprite pọ̀ sínú kúlà láti àárọ̀. Kó tó di ọ̀sán, gáàsì ti tán, omi ṣúgà lásán la mu. Ní báyìí, mínírà dìgbà tí àlejò bá jókòó.

Alhaja: Ṣé ọtí ló yẹ ká fi pàdé àna? Ẹ ṣe zobo.

Bọ̀dá Agbowó: Alhaja, ìyẹn kọ́ ni wọ́n bi wá.

Alhaja: Ìmọ̀ràn ni mo gbà wọ́n. Ẹ̀yin ẹ gba tiyín.

Àǹtí Òkè-Àdó: Ẹ ṣé, Alhaja. Mùsùlùmí ni bàbá ọkọ, a ti ya tiwọn sọ́tọ̀. Bọ̀dá, ogún èèyàn ni, ta ló fẹ́ máa tẹ ewé níkọ̀ọ̀kan? Bulẹ́ńdà ni mo fi lọ̀ ọ́. Míńtì tiẹ̀ ti tán lọ́jà. Ìyá aléwé ní ẹfinrin kò yàtọ̀ sí i.

Ìyá Ìbejì Mókọ́lá: Ẹfinrin kẹ̀! Àǹtí, agbo inú rírun lẹ pò. Olóòsàn ò jẹ̀bi.

Ọmọ Mápó: Èmi máa ń fi ẹfinrin sí ohun mímu, ó sì dùn.

Bọ̀dá Agbowó: Ewé méjì nínú ife ńkọ́? Ṣé odindi ìdì tó sùn mọ́jú?

Àǹtí Òkè-Àdó: Ìdì méjì ni. Ẹ má bínú, mo ti ń ṣépè fún olóòsàn láti àárọ̀. Níbo ni mo ti máa rí míńtì báyìí?

Bọ̀dá Agbowó: Fún ogún èèyàn, rọ́ọ̀mù lítà 1, omi ọsàn wẹ́wẹ́ 600 ml. Ẹ yọ́ ṣúgà sínú omi gbígbóná, kó tutù, kẹ́ ẹ pa wọ́n pọ̀ sínú fíríìjì. Inú ife ni ewé àti omi sódà ti máa pàdé wọn.

Ìyá Ìbejì Mókọ́lá: Míńtì kún ike méjì lẹ́yìn ilé mi. Ẹ̀ka tí mo rì sínú ife omi ló ta gbòǹgbò. Ẹ wá já a láàárọ̀ Sátidé, ẹ mú aṣọ tútù dání tẹ́ ẹ máa fi wé e. Màá kọ àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí yín.