Báwo ni mo ṣe lè mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dákẹ́ kópa nínú ẹ̀kọ́?

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 12 sí 13. Bí mo bá béèrè ìbéèrè, ọwọ́ àwọn mẹ́rin kan náà ló máa ń lọ sókè, àwọn yòókù á sì tẹjú mọ́ ìwé bí ẹni pé wọn kò gbọ́. Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń kọ ìdáhùn tó tọ̀nà sí etí ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń sún mọ́ ọn, á fi ọwọ́ bò ó. Èyí ló ń dùn mí jù, nítorí pé ẹ̀rù àṣìṣe ló ń bà á, kì í ṣe ọ̀lẹ.

Mo fún wọn ní ẹ̀bùn kéékèèké. Nígbà tí ẹ̀bùn tán, ìtara náà bá a lọ. Èyí tó so èso díẹ̀ ni pé, lẹ́yìn ìbéèrè, mo máa ń dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 3 ó kéré tán, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí Mary Budd Rowe, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, ti dábàá, kí n tó ní kí wọ́n jíròrò ní méjì-méjì.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń tún àṣìṣe ọmọ ṣe lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ láìdójú tì í? Ṣé pátákó kékeré tí oníkálukú ń kọ ìdáhùn sí, tí gbogbo wọn sì ń gbé sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ń ran onítìjú lọ́wọ́, àbí ńṣe ló ń dá kún ẹ̀rù rẹ̀?