Okùn kọ́, wáyà ni: ọ̀rọ̀ tí a ó máa pariwo lórí máàsì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ìlànà fún àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń gun máàsì (òpó irin gíga tí ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà lórí rẹ̀) ní Abẹ́òkúta béèrè pé kí la ó máa pe wáyà kan ṣoṣo tó ń gbé dátà àti iná lọ bá ẹ̀rọ tó wà lókè. Àwọn fúnra wọn dábàá "okùn agbéná-gbésọfúnni", ọ̀pọ̀ yín sì ti kan sáárá sí i. Ẹ forí jì mí, ẹ̀gbọ́n, mi ò lè bá wọn kan án.

Mo fa wáyà sórí máàsì fún ọdún mẹ́fà kí n tó di olùkọ́ èdè, nítorí náà etí rígà, ẹni tó ń gun máàsì ṣiṣẹ́, ni mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Rígà kì í ka ọ̀rọ̀ lókè. Ó rọ̀ mọ́ irin ní mítà 40, atẹ́gùn ń fẹ́, jẹnẹrétọ̀ ń ké nísàlẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ pariwo ohun tó fẹ́ kí ẹni ilẹ̀ gbọ́. Kó tó pe agbéná-gbésọfúnni tán, ọwọ́ rẹ̀ á ti kú.

Gígùn rẹ̀ gan-an kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. "Okùn" ni. Okùn gidi wà lórí máàsì: èyí tí a fi ń fa ẹrù sókè. Igbà náà wà, ohun tí rígà fi de ara rẹ̀ mọ́ irin (a ò nílò orúkọ tuntun fún ìyẹn, ẹlẹ́mu ti sọ ọ́ lórúkọ kí baba baba wa tó gbọ́ nípa tẹlifóònù). Ní ọjọ́ kan ní Ọbántoko, ẹnì kan pariwo láti òkè pé "Tú okùn!" Wáyà ló ní lọ́kàn. Ó ti há mọ́ igun irin, ó fẹ́ ká dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Èmi tí mo wà nísàlẹ̀, okùn ni mo gbọ́, okùn ni mo tú. Àwo ẹ̀rọ tó ń gba dátà láti afẹ́fẹ́, tó so rọ̀ lórí okùn náà, já wálẹ̀ tó mítà mẹ́ta kí ọ̀gá wa tó fi ọwọ́ lásán dì í mú. Awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó.

Kí okùn máa jẹ́ okùn, kí wáyà máa jẹ́ wáyà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Láti ọ̀dọ̀ Hausa la ti gba àlùbọ́sà, kò sì sẹ́ni tó ń wá orúkọ mìíràn fún un ní Kútọ̀. "Ìsọfúnni" náà ń kọ́ mi lẹ́sẹ̀: ohun tí ẹnì kan sọ fún ẹlòmíràn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù tí a ń wò lórí fóònù náà ń gba wáyà yẹn kọjá. Ìyá tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú sọ pé dátà òun ti tán. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ó fi sọ bí dátà àti iná ṣe jọ ń lọ ló wá kù, ibẹ̀ ló sì dùn jù. Fọ́nrán bàbà mẹ́jọ ló wà nínú wáyà yìí, a lọ́ wọn pọ̀ ní méjì méjì. Bí dátà kò bá ju mégábíìtì 100 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fọ́nrán mẹ́rin ló ń lò, àwọn ẹ̀rọ kan á sì da iná sínú mẹ́rin tó ṣófo. Ṣùgbọ́n tó bá di gígábíìtì, dátà ti gba mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, orí fọ́nrán kan náà ni iná ń gbà. Ẹnì kan nínú wa ní ká lo "pọ̀n", pé dátà pọ̀n iná. Ó dùn létí mi, àmọ́ ọ̀kan nínú ọ̀nà méjèèjì ló bá mu. Nínú èkejì, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni iná fi ń rìn. Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ tún ni "iná àpọ̀n", tí ohùn bá sì gbéra díẹ̀, ó di iná àpọ́n, ọkùnrin tí kò níyàwó. Ta ló fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pe ìyẹn níwájú àwọn rígà?

"Wáyà abánárìn" ni mo mú wá. Bíbárìn kò sọ bóyá wọ́n jọ tẹ ojú ọ̀nà kan tàbí wọ́n ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ṣáà sọ pé wọ́n jọ dé. Ẹ pariwo rẹ̀ wò: ohùn òkè méjì tẹ̀ léra, lẹ́yìn náà ó wálẹ̀. Ìlú wa níbí ni míṣọ́nnárì Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròhìn ní 1859, ọ̀rọ̀ méjì tí ọmọdé mọ̀, orúkọ ìwé kan yẹn ló sì di orúkọ gbogbo irú rẹ̀.

Abánárìn kì í ṣe gbogbo wáyà o. Dátà orí bàbà kò gbọ́dọ̀ ju mítà 100 lọ láti ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ dé tòkè, ẹ sì ka ti ilẹ̀ mọ́ ọn. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, fáíbà la ń fà. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú fáíbà, gíláàsì kì í gbé iná, nítorí náà wọ́n á fi wáyà bàbà tì í nínú awọ kan náà. Ìyẹn ni kí á pè ní wáyà ìbejì: inú kan, ara ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ǹ bá gbà pé kí fáíbà máa jẹ́ "fọ́nrán ìmọ́lẹ̀" bí àwọn oníròyìn kò bá ti sọ fọ́nrán di fídíò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ "iná mọ̀nàmọ́ná" kúrò nínú ìwé yẹn. Nílé, kò léwu. Lórí máàsì, mọ̀nàmọ́ná ojú ọ̀run ni ọ̀tá gan-an. A ń fi ẹ̀rọ adènà rẹ̀ sí orí wáyà lókè àti nísàlẹ̀. Ojú ewé kan ní kí ọmọ iṣẹ́ "pa mọ̀nàmọ́ná" kó tó gùn, èyí tó tẹ̀ lé e ní kó má gùn bí mọ̀nàmọ́ná bá ń kọ. Ta ló fẹ́ pa ti òkè? Kí ti inú wáyà máa jẹ́ iná, kí ti òjò máa jẹ́ mọ̀nàmọ́ná.

Ẹ̀gbọ́n tún kọ ọ́ pé kí wọ́n "gbá ọ̀pá bàbà wọlẹ̀", kí mọ̀nàmọ́ná lè rí ọ̀nà gbà wọ ilẹ̀. Ní Abẹ́òkúta? Ibi tí ṣọ́bìrì ti ń kan òkúta kó tó jinlẹ̀ dé orúnkún? Òkúta líle kì í gba iná dáadáa, kì í sì í gba ọ̀pá. Kòtò gígùn la máa ń gbẹ́, a ó tẹ́ bàbà pẹlẹbẹ sínú rẹ̀. "So ó mọ́lẹ̀" á gba ọ̀nà méjèèjì.

Ohun kan ló kù tí mi ò rí orúkọ fún. Kí wáyà tó wọ ilé ẹ̀rọ, a máa ń jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kó tó tún gbéra wọlé, kí omi òjò lè kán sílẹ̀ níbẹ̀ dípò kó tẹ̀ lé wáyà wọlé. "Ikùn" ni ọ̀gá wa ń pè é, àwa ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá. Ẹ̀gbọ́n, "tú okùn" wà níbi mẹ́ta nínú abala tí ẹ fi ránṣẹ́, wáyà ni wọ́n sì ń sọ níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ kọ́kọ́ bá mi tún ìyẹn ṣe ná.