Káàdì gíráfíìsì tuntun tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe. Bí wọ́n bá ń ṣe ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, àwa la máa ń yà á, tí a ó gé e, tí a ó sì tò ó kí a tó gbé e fún àwọn tó ni ín. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni mo fi ń ṣe é, irú èyí tí wọ́n ti lò ní ọ́fíìsì nílẹ̀ òkèèrè kí wọ́n tó kó o wá sọ́dọ̀ wa. Kò ní wàhálà rárá tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fídíò 4K, tó wá di dandan kí n ra káàdì gíráfíìsì, ìyẹn káàdì tó ń bá kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ àwòrán, sí i. GTX 1660 Super ni mo rà, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2019, tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ 6 GB.

Nígbà tí a fi í sí i, àwòrán jáde, Windows dá a mọ̀, driver, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè bá káàdì ṣiṣẹ́, sì wọlé láìsí ìjà. Mo lè wo fíìmù lórí rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí nǹkan kan má ṣe é. Àmọ́ bí mo bá ti ní kí ó máa ṣe rendering báyìí, ìyẹn kí ó sọ iṣẹ́ tí mo tò di odindi fídíò, gbogbo kọ̀ǹpútà á kú lójijì bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ, lẹ́yìn náà ni yóò tún fúnra rẹ̀ tan. Ẹni tó ta káàdì náà fún mi ní kí n gbé e padà wá kí òun pààrọ̀ rẹ̀, nítorí ó dá a lójú pé ó ti bàjẹ́ látilẹ̀. Èmi ò tètè gbà, torí pé káàdì tó bàjẹ́ nìkan kọ́ ló lè fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ìgbóná ni mo kọ́kọ́ wò. GPU-Z, ètò ọ̀fẹ́ tó ń sọ bí káàdì ṣe rí, fi hàn mí pé kò tíì ju nǹkan bí 65 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius nígbà tí kọ̀ǹpútà kú, bẹ́ẹ̀ irú káàdì yìí lè gbóná kọjá 80 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ ìrìn. Mo wá ṣí Event Viewer, níbi tí Windows ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, mo bá ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Kernel-Power 41 níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn tàn yín jẹ. Ohun tó ń sọ kò ju pé kọ̀ǹpútà tan padà láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ pa á bó ṣe yẹ; kò dárúkọ ẹni tó ṣe é. Mo mọ àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n ti rí i, Windows ni wọ́n á tún fi láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á sì pàdánù fáìlì lórí ohun tí kò kan Windows.

MSI Afterburner, ètò tí a fi ń ṣàtúnṣe bí káàdì ṣe ń ṣiṣẹ́, ló wá tú àṣírí. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí a ti lè dín iye iná tí káàdì máa fà kù. Mo fà á wálẹ̀ sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, mo tún gbé iṣẹ́ lé e lórí, kọ̀ǹpútà kò kú mọ́. Ó falẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó parí fídíò odindi. Mo dá a padà sí ọgọ́rùn-ún, ó kú. Bí iná tí káàdì ń fà bá dínkù tí àrùn sì lọ, a jẹ́ pé ibi tí iná ti ń wá la gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò.

Ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀. Ihò PCIe tí a ń ki káàdì bọ̀ lórí mọ́dábọọ̀dù kò lè fún un ní ju wọ́ọ̀tì 75 lọ. Wáyà onípínnì 6 láti ara páwà pákì, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún gbogbo kọ̀ǹpútà, lè fi 75 kún un, onípínnì 8 sì lè fi 150 kún un. Wọ́ọ̀tì 125 ni káàdì tèmi ń fẹ́, ihò nìkan kò sì lè tó o, ìdí nìyẹn tí ó fi ní ẹnu onípínnì 8. Páwà pákì tó bá kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yẹn wá kò ní irú wáyà bẹ́ẹ̀ lára rárá. Wọ́ọ̀tì 290 ni wọ́n sì kọ sí i, èyí tó gbọ́dọ̀ kárí gbogbo ohun tó wà nínú àpótí. Ẹni tó ta káàdì ti bá mi so àdápítọ̀ kan mọ́ ọn, tó ń gba iná láti ẹnu SATA, èyí tí wọ́n ṣe fún háàdì dísìkì. Ẹnu SATA kan kò gbọdọ̀ gbé ju nǹkan bí wọ́ọ̀tì 54 lọ lórí iná fólítì 12. Nígbà tí mo yọ ọ́ síta, ike rẹ̀ ti yí àwọ̀ padà, ó sì ń rùn. Ẹ̀rù ló bà mí, inú kò tiẹ̀ ráyè bí mi, nítorí aṣọ fèrèsé kò jìnnà sí ibi tí kọ̀ǹpútà náà wà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ẹni tí káàdì tuntun bá ti yọ lẹ́nu rí sọ bó ṣe ṣe é, àti ohun tó bá nídìí rẹ̀.


Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Owódé, Ọ̀yọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Òótọ́ lẹ sọ nípa iná, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí àwọn tó ń kà á rò pé páwà pákì ló ń fa gbogbo rẹ̀. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ mi pé káàdì tuntun kò mú àwòrán wá, ibi tí wọ́n ki wáyà mọ́nítọ̀ sí ló pọ̀ jù. Lẹ́yìn tí a bá ti fi káàdì sí i, ibi méjì ni ihò àwòrán máa ń wà lẹ́yìn àpótí: ti mọ́dábọọ̀dù wà lókè, ti káàdì sì wà nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ BIOS, ètò inú mọ́dábọọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà, ló jẹ́ pé bí ó bá ti rí káàdì, ó máa pa ti òkè. Ẹni tó bá sì fi wáyà rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti wà tẹ́lẹ̀ yóò jókòó ti mọ́nítọ̀ dúdú.

Mọ́nítọ̀ tí a ń lò ládùúgbò wa tún dá kún un. VGA, irú ihò àwòrán àtijọ́, nìkan ló wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, káàdì òde òní kò sì ní VGA. Bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé tiwọn wá láti apá Akẹ̀sán. Wọ́n ti ra ohun kékeré tó ń sọ DVI, irú ihò àwòrán mìíràn, di VGA, ṣùgbọ́n kò wọ ihò káàdì, bí wọ́n ti wù kí wọ́n tì í tó. Mo fi hàn wọ́n pé lára ihò DVI ayé àtijọ́, ihò tíntìntín mẹ́rin ló yí èyí tó gbọọrọ ká, ibẹ̀ sì ni VGA ti ń rí àmì tirẹ̀ gbà. Láti orí àwọn GTX 10 tó jáde ní ọdún 2016 ni NVIDIA ti yọ ọ́ kúrò. Bàbá ní, “Ṣé kí á wá gé àwọn irin mẹ́rin yẹn kúrò lẹ́nu rẹ̀ ni?” Mo ní, “Ẹ má gé e, Bàbá. Bó tilẹ̀ wọlé, kò sí ohun tó máa bá níbẹ̀.” Kọ́nfátà tó ní ẹ̀rọ nínú, tó ń sọ HDMI di VGA, ni mo fi sí i fún wọn, àwòrán sì jáde lójú ẹsẹ̀.

Èyí tó máa ń fún èmi gan-an ní iṣẹ́ ni BIOS tó ti gbó. Ẹ lè gbé káàdì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà mìíràn sínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 2011, kí fáànù máa yí, kí ohunkóhun má jáde lójú mọ́nítọ̀. Bí mo bá ti rí irú èyí, mo máa ń yọ káàdì, kí n lo àwòrán mọ́dábọọ̀dù, kí n lọ wá BIOS tó tuntun jù lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà náà, kí n fi í sí i, kí n sì tó dá káàdì padà. Ẹ má ṣe dán èyí wò láìsí UPS! Bí iná bá lọ láàárín ìgbà tí BIOS ń wọlé, mọ́dábọọ̀dù lè má jí mọ́. Ó tún yẹ kí a wo ètò ìtanná inú BIOS náà, nítorí káàdì tó ti pẹ́ púpọ̀ kò lè mú àwòrán wá bí a bá fi kọ̀ǹpútà sórí UEFI, ọ̀nà ìtanná tuntun, nìkan, tí a sì pa CSM tó ń jẹ́ kí ọ̀nà àtijọ́ ṣiṣẹ́.

Kí n má gbàgbé: káàdì tí kò wọlé tán ń ṣe gbogbo ìwọ̀nyí bákan náà. Ẹ tì í títí tí ìkọ́ kékeré ìdí ihò náà yóò fi dún.


Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ yíya àwòrán ilé, LAUTECH

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Ohun tí ẹ̀gbọ́n Owódé sọ nípa VGA gan-an ló mú mi kọ èyí, nítorí pé káàdì tèmi ní VGA, inú mi sì dùn sí i nígbà tí mo rí i pé n kò ní ra kọ́nfátà kankan. GTX 1050 Ti, 4 GB, ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Orí ẹ̀rọ ayélujára ni mo ti rí ẹni tó ń tà á. Ó gbé e wọ ọkọ̀, mo lọ gbà á ní gáréèjì. Owó rẹ̀ dínkù sí ti ọjà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdínkù tó lè kó ìfura báni.

Windows fúnra rẹ̀ pè é ní GTX 1050 Ti. Nígbà tí mo wá fi driver tí mo gbà láti ìkànnì NVIDIA sí i, ojú mọ́nítọ̀ ṣókùnkùn, ó tún padà wá, Device Manager sì kọ Code 43 sí i lára, ìyẹn ni pé Windows ti dá a dúró nítorí ó ní ìṣòro. Mo wọ Safe Mode, mo fi DDU, ètò tó ń nu driver káàdì, nu gbogbo driver kúrò, mo tún fi òmíràn sí i, Code 43 náà ló tún gbé wá. Lumion, ètò tí a fi ń gbé àwòrán ilé jáde, kò ṣí rárá. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé ní Under-G, tí kò tiẹ̀ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ló ní kí n lọ ṣí GPU-Z. Ọ̀rọ̀ tó wà níwájú orúkọ káàdì náà ni FAKE, nínú àkámọ́. Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti fi ìyẹ̀wò yìí sínú rẹ̀, nítorí irú àwọn káàdì wọ̀nyí ti pọ̀ lọ́jà káàkiri ayé.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ló ju èje lọ. GTS 450 ni ọpọlọ tó wà nínú rẹ̀, èyí tó ti jáde láti ọdún 2010. Àwọn tó ṣe é kàn ṣí BIOS tí káàdì náà fúnra rẹ̀ ní, wọ́n kọ orúkọ mìíràn àti mẹ́mọ́rì tí kò ní sí i. Nítorí náà ni driver tuntun kò ṣe gbà á, torí pé ní ọdún 2018 kan náà ni NVIDIA dáwọ́ dúró láti máa ṣe driver tuntun fún ìran rẹ̀. VGA tí inú mi dùn sí yẹn gan-an ni ẹlẹ́rìí tó yẹ kó ta ko olè náà: ojúlówó 1050 Ti kì í ní in.

Mo ya àwòrán ojú GPU-Z, mo fi ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á, mo sì sọ fún un pé nọ́ńbà àkáǹtì tí mo sanwó sí ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó ní òun náà rà á bẹ́ẹ̀ ni. Bóyá òótọ́ ni, n kò lè sọ. Ó dá ìdajì owó padà, káàdì sì wà lọ́dọ̀ mi. Ó ń gbé àwòrán jáde lórí driver àtijọ́, àbúrò mi ló ń lò ó.


Oníṣẹ́ fọ́tò, Ọ̀yọ́

Tèmi kò gùn. Bí iná ìjọba bá wà, káàdì mi ń ṣiṣẹ́ láìsí ìṣòro. Bí iná bá lọ, tí a wà lórí UPS, fọ́tò kan péré tí mo bá ní kí Photoshop fi AI inú rẹ̀ tún ṣe, UPS á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, a ó sì wà nínú òkùnkùn. Wọ́n kọ 650 sára UPS náà, èmi sì ti rò pé wọ́ọ̀tì ni, àṣé VA ni, òṣùwọ̀n mìíràn tí wọ́ọ̀tì rẹ̀ máa ń kéré sí i. Irú UPS bẹ́ẹ̀ kì í sábà gbé tó wọ́ọ̀tì 400. Mo ti yọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti mọ́nítọ̀ kejì kúrò lórí rẹ̀, ó sì ti fara balẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, káàdì wo ni ẹ̀yin ìbá fún ẹni tí kò fẹ́ pààrọ̀ páwà pákì rárá?


Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Owódé, Ọ̀yọ́

Àǹtí, ẹ wá èyí tí kò ní ẹnu wáyà kankan lára, tó ń rí gbogbo iná rẹ̀ gbà láti inú ihò PCIe. Ojúlówó GTX 1050 Ti àti ọ̀pọ̀ GTX 1650 wà ní wọ́ọ̀tì 75. RX 6400 ti ọdún 2022 kò tilẹ̀ ju 53 lọ. Bí àpótí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ sọ fún wọn pé èyí tó kúrú ni ẹ fẹ́, kí ẹ má baà rà á tán kí ó má wọlé. Mo ní ìkìlọ̀ kan nípa RX 6400: ojú ọ̀nà mẹ́rin péré ló ń lò nínú ihò PCIe, nítorí náà ó máa ń pàdánù nínú agbára rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́. Fún fọ́tò, ẹ lè má mọ̀ ọ́n lára.


Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣé gan-an ni. Fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí tèmi já sí: n kò dá káàdì padà. Páwà pákì wọ́ọ̀tì 550 ni mo rà, ojúlówó, tó ní wáyà onípínnì 8 ti ara rẹ̀. Ìṣòro tó kù ni pé mọ́dábọọ̀dù àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yìí kì í sábà lo ẹnu onípínnì 24 tí páwà pákì inú ọjà ń lò. Onípínnì 8 ni tèmi, mo sì ní láti ra wáyà tó ń so méjèèjì pọ̀. Ẹ mú orúkọ àti nọ́ńbà kọ̀ǹpútà yín dání kí ẹ tó lọ ra wáyà yìí, nítorí ti ilé iṣẹ́ kan kì í bá ti òmíràn mu. Àdápítọ̀ SATA náà, mo gé e sí méjì kí ẹlòmíràn má baà rí i lò.